Kòkòrò, Oró àti Ìhun: Lámèyítọ́ lórí Orúkọ Ohun Àìfojúrí, láti Òde-Ìrèlè

Ìfáárà

Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2015, ikú kan bẹ́ sílẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí ni ó kọ́kọ́ ń fọ́ ẹni tí ó bá kọlù. Ojú rẹ̀ yóò wá ṣókùnkùn, kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́, kí ọjọ́ kejì sì tó pé, ọ̀pọ̀ wọn ti dágbére fáyé. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ léde, ènìyàn 18 ni ó ti kú nínú àwọn 23 tí ó mú. Kò tíì pé ọdún kan tí Ebola wọ Èkó, ní oṣù Keje ọdún 2014, ẹ̀rù kòkòrò àrùn sì wà lára tẹrú-tọmọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé òun náà ni ó tún dé. Nínú ìlú, àwọn kan ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́ kan ni ó lọ tẹ ojúbọ Malókun lójú, òrìṣà sì ń bínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe Ebola, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì mìíràn. Nígbà tí ó yá ni ọ̀rọ̀ yanjú: mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, inú ògógóró ni ó sì wà.

Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ lámèyítọ́ ni mo sì mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ní lọ́wọ́ nígbà náà wò, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń dárúkọ ohun tí ó kéré ju èyí tí ojú lè rí lọ. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ni ó pa àwọn ènìyàn Òde-Ìrèlè, ọtí ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá fún nǹkan ni ó ń darí ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀. Èrò mi ni pé èdè-ìperí sáyẹ́ǹsì Yorùbá ti gbára lé ojú jù. Nítorí pé a kò rí ohun kékeré ni ó ṣe ń dárúkọ rẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí ó fi ohun tí ó ń ṣe àti bí a ti hun ún dárúkọ rẹ̀. Yunifásítì tí ó bá ń kọ́ni ní ìmọ̀ nánò, ní ìlò maikirosíkóòpù, tàbí ní ìmọ̀ ìhun ohun abẹ̀mí kò lè yẹra fún ọ̀ràn yìí. Àwa tí a wà ní ẹ̀ka èdè Yorùbá náà kò lè sọ pé kò kàn wá.

Orúkọ kan fún erin àti eèrà

Ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lórí rédíò àti nínú ìwé ìlera ni *kòkòrò àìfojúrí*. Apá méjì ni ó ní, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣòro tirẹ̀. Kòkòrò, ní èrò Yorùbá, jẹ́ ohun abẹ̀mí. Ó ń jẹ, ó ń bí, ó ń kúrò níbì kan lọ síbòmíràn, a sì lè pa á. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bakitéríà, orúkọ yìí kò burú rárá. Nígbà tí ará Hóláǹdì nì, Antonie van Leeuwenhoek, kọ́kọ́ rí irú nǹkan wọ̀nyí nínú omi ní nǹkan bí àádọ́ta-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, ẹranko kéékèèké ni òun náà pè wọ́n. Kòkòrò wa àti ẹranko tirẹ̀, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ti fáírọ́ọ̀sì ni ó le díẹ̀, nítorí kò lè dá bí sí i láìsí sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn tí yóò wọ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ní èdè Látìn, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, oró ni ìtumọ̀ *virus*. Àwọn ará ibẹ̀ pe ohun tí a ń pè ní kòkòrò lónìí ní oró. Àwa, bí n ó ṣe fi hàn láìpẹ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pe oró ní kòkòrò.

Apá kejì, *àìfojúrí*, ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Nánòmítà kan ni ohun tí ó máa kù bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Ìbú irun orí kan tó nǹkan bí 80,000 nánòmítà. Ọ̀pọ̀ bakitéríà wà láàárín 1,000 sí 2,000. Ebola gùn bí okùn, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 80 lọ. Mólékù mẹ́tánọ́ọ̀lù kan kò tó ìdajì nánòmítà kan. Láàárín bakitéríà àti mẹ́tánọ́ọ̀lù, ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ju èyí tí ó wà láàárín erin àti eèrà lọ. Síbẹ̀, *àìfojúrí* ni orúkọ gbogbo wọn. Kò sí ọdẹ tí yóò fi orúkọ kan pe erin àti eèrà nítorí pé òkùnkùn kò jẹ́ kí ó rí ìkankan nínú wọn.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wò wọ́n náà kì í ṣe ọ̀kan. Maikirosíkóòpù tí ó ń lo ìmọ́lẹ̀ kò lè ya ohun méjì tí ó súnmọ́ ara wọn ju nǹkan bí 200 nánòmítà lọ sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi lè fi bakitéríà hàn wá ṣùgbọ́n tí Ebola ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí Ernst Ruska àti Max Knoll ti ṣe irú èyí tí ó ń lo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ní ìlú Berlin ní ọdún 1931 ni ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ láti wo fáírọ́ọ̀sì. Ní ti mẹ́tánọ́ọ̀lù inú ìgò ògógóró, kò sí ẹni tí í fi maikirosíkóòpù wá a. Ṣe ni àwọn onímọ̀ kẹ́míísírì ń sọ ọtí náà di oruku ooru, tí wọ́n á jẹ́ kí èròjà kọ̀ọ̀kan yọ jáde ní àsìkò tirẹ̀, tí wọ́n á sì wọn iye rẹ̀. Ìríran kò sí níbẹ̀ rárá.

Kí ni èyí já mọ́ fún ará ìlú? Bí a bá ní kòkòrò ni, ó ní ohun tí yóò ṣe: yóò fọ ọwọ́ rẹ̀, yóò se omi rẹ̀, yóò jìnnà sí aláìsàn. Gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kan mẹ́tánọ́ọ̀lù nínú wọn. Mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í ràn. Kò ní ẹ̀mí tí iná yóò gbà. Ẹni tí ó sá fún aládùúgbò rẹ̀ tí ó ń ṣàìsàn, tí ó sì lọ mu nínú ìgò kan náà ní alẹ́ láti fi pa ìbẹ̀rù, ti ṣe ohun tí orúkọ náà ní kí ó ṣe.

Mo ní ẹ̀bi tèmi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ní kí n bá wọn tú ìwé ìléwọ́ kan nípa omi mímu sí Yorùbá. Ìwé náà ya kòkòrò àrùn àti kẹ́míkà oko sọ́tọ̀ dáadáa. Èmi, nítorí kí gbólóhùn mi lè yọ̀, kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "àwọn ohun àìfojúrí tí ó ń fa àìsàn," mo sì tẹ̀ síwájú pé kí a máa se omi kí a tó mu ún. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi bí iṣẹ́. Nígbà tí a kà á sí etí àwọn àgbà obìnrin kan, ìyá kan dá mi lóhùn pé, "Tíṣà, ṣé bí a bá se omi náà, oògùn koríko tí ó wà nínú rẹ̀ á kú ni?" N kò rí èsì kankan fọ̀. Ìyá náà kò kàwé, ṣùgbọ́n òun ni ó rí àlàfo tí èmi atúmọ̀ èdè fi ẹ̀dọ̀fóró sọ̀rọ̀ bò mọ́lẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé a kúkú ní *májèlé*. A ní i, ṣùgbọ́n májèlé ní ẹni tí ó fi í sí oúnjẹ. Bí mo bá sọ pé májèlé ni ó pa lágbájá, ìbéèrè tí yóò tẹ̀lé e ni "Ta ni ó fún un jẹ?" Ìyẹn kò jìnnà sí ìbéèrè àwọn tí ó ní òrìṣà ń bínú: "Ta ni ó ṣẹ̀ ẹ́?" N kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí àwọn òkú náà jọ ní ni wọ́n ń wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn dókítà náà ti ń wá a. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó já sí ọ̀nà ni "Kí ni wọ́n jọ mu?" Ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ìbéèrè yẹn jù ni *oró*. Oró wà nínú ejò, ó wà nínú ewé, ó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, láìsí pé ẹnikẹ́ni dì í ní ọ̀tẹ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ oró. Díẹ̀ nínú rẹ̀ lè wáyé nígbà tí ọtí bá ń kan. Èyí tí ó pọ̀ tó láti pa ènìyàn, àdàlù ni ó sábà máa ń mú un wá.

Ohun tí ìhun ń sọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù sí mi nìyí. Tí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ọtí náà fi gba ojú kí ó tó gba ẹ̀mí, inú ẹ̀dọ̀ ni a ó lọ. Purotéènì kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú ọtí. Ní ilé ẹ̀kọ́, *amúaradàgbà* ni a ń pe purotéènì, pẹ̀lú àpẹẹrẹ ẹ̀wà, ẹyin àti ẹran. Orúkọ yìí dára fún ẹ̀kọ́ oúnjẹ, ó sì ti ṣe iṣẹ́ ribiribi. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti sọ pé amúaradàgbà kan nínú ẹ̀dọ̀ ni ó sọ mẹ́tánọ́ọ̀lù di ohun tí ó fọ́ ènìyàn lójú, ẹ ó sì rí i pé orúkọ náà kọ̀. Ohun tí ó ń mú ara dàgbà kò gbọdọ̀ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. A ti fi iṣẹ́ kan ṣoṣo so orúkọ mọ́ ohun tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́.

Nínú àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Uppsala, ní orílẹ̀-èdè Sweden, fi ìtànṣán X ṣe àwárí ìhun irú purotéènì yìí láti inú ẹ̀dọ̀ ẹṣin. Ẹ̀wọ̀n méjì ni ó jọ dìmọ́ra, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta àti mẹ́rìnléláàádọ́rin (374) èròjà tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n náà sì wá ká, tí ó sì ṣẹ́po lé ara rẹ̀ títí ó fi ní àpò kan tí èròjà síńkì wà nínú rẹ̀. Inú àpò yìí ni ọtí ń wọ̀. Ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí í ṣe ọtí gidi, bá a mu, mẹ́tánọ́ọ̀lù náà sì bá a mu, nítorí kábọ́ọ̀nù kan péré ni ó fi yàtọ̀ sí ara wọn. Ohun tí ẹ́tánọ́ọ̀lù ń dà ní ìgbẹ̀yìn ni ásíìdì inú ọtí kíkan. Ohun tí mẹ́tánọ́ọ̀lù ń dà ni ásíìdì kan tí àwọn eèrà kan ń tu jáde bí wọ́n bá ta ni. Ásíìdì yìí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lo afẹ́fẹ́ tí a mí sínú, iṣan tí ó so ojú mọ́ ọpọlọ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀.

Purotéènì náà fẹ́ràn ẹ́tánọ́ọ̀lù ju mẹ́tánọ́ọ̀lù lọ. Bí àwọn méjèèjì bá jọ dé ẹnu àpò, ẹ́tánọ́ọ̀lù ni ó sábà máa ń rí ìjókòó. Nítorí náà ni dókítà ṣe lè fi ẹ́tánọ́ọ̀lù, tàbí oògùn kan tí ń jẹ́ fomepizole, gba àpò náà kí mẹ́tánọ́ọ̀lù má baà rí àyè, títí tí ara yóò fi tì í jáde. Kò sí bí a ó ṣe fi *àìfojúrí* ṣe àlàyé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ tí mo lò: ẹ̀wọ̀n, sín, ká, àpò, ìjókòó, gba àyè. Ọ̀rọ̀ ilé ni gbogbo wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ó kó wọn pọ̀ ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. *Ìhun* ni. Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀dá-èdè ń sọ pé ìhun sílébù, ìhun ọ̀rọ̀, ìhun gbólóhùn, a sì mọ̀ pé ìpele kan ń gun orí èkejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti purotéènì: ètò ìlẹ̀kẹ̀, lẹ́yìn náà bí ẹ̀wọ̀n ti ká, lẹ́yìn náà bí odindi rẹ̀ ti ṣẹ́po, lẹ́yìn náà bí ẹ̀wọ̀n méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti dìmọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ̀ pé "Olú pa ejò" àti "Ejò pa Olú" kò rí bákan náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà nínú wọn ti kọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ ìhun ohun abẹ̀mí láìmọ̀.

Nánò àti aràrá

A lè bi mí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó pe nánò? Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, aràrá ni ìtumọ̀ rẹ̀. N kò mọ onímọ̀ tí yóò fẹ́ kí á kọ "ìmọ̀ aràrá" sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìṣèwádìí òun, n kò sì rò pé ó yẹ. Àwọn tí ó mú ọ̀rọ̀ náà láti inú Gíríìkì ti gba ẹran ara lára rẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì rẹ̀ ní 1990, kò bẹ̀rù láti gba *fóníìmù* àti *mọ́fíìmù* wọlé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà, ó sì fi *ìhun* sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ohun tí ó mú kí wọ́n dúró, lójú tèmi, ni pé àwọn tí ó ṣe wọ́n ń fi wọ́n kọ́ni lójoojúmọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi wọ́n kọ ìdánwò. Ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì tí a ṣe sílẹ̀ láìdé yàrá ìṣèwádìí kì í pẹ́ kí eruku tó bò ó.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ fara mọ́ ohun kan tí ó tako èrò mi. Nínú ìmọ̀ nánò, bí nǹkan ti kéré tó *ni* ó ń sọ ohun tí ó ń ṣe. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ olùṣèwádìí nánò ti Yunifásítì LAUTECH ti fi omi èèpo obì, ti èèpo kòkó, àní ti òwú aláǹtakùn pàápàá, ṣe lẹ́búlẹ́bú fàdákà. Bí wọ́n bá da omi náà mọ́ omi iyọ̀ fàdákà, àwọ̀ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń yí, kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí maikirosíkóòpù. Fàdákà tí ó ń kọ mànà lọ́rùn ọwọ́ di omi tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ti kúnná tó láti bá ìmọ́lẹ̀ lò lọ́nà mìíràn. Ta ni yóò tètè gbọ́ èyí yé ju aláró lọ, ẹni tí ó ń yọ aṣọ láwọ̀ ewé nínú ìkòkò, tí ó ń wò ó bí afẹ́fẹ́ ti ń sọ ọ́ di aró lójú ẹsẹ̀? Aláró mọ̀ pé àwọ̀ máa ń ròyìn iṣẹ́ tí ojú kò rí.

Nítorí náà, kì í ṣe kíkéré ni mo ń bá jà. Àìrí ni. Yorùbá mọ bí a ti ń wọn kíkéré: *kúnná*, *wínníwínní*, *lẹ́búlẹ́bú*, *bíńtín* kò jọ ara wọn ní etí ẹni tí ó ti jọ èlùbọ́ rí. A ní *ìyẹ̀* nínú ìyẹ̀ròsùn. Bí a bá pe ohun tí wọ́n ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní *ìyẹ̀ nánò*, a ti sọ bí ó ti kúnná àti bí a ti wọ̀n ọ́n, láìmẹ́nu ba ojú rárá. Ó ṣe mí láàánú pé obì, kòkó àti aláǹtakùn wọ inú àpilẹ̀kọ wọ̀nyẹn pẹ̀lú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan.

Ní ìdí maikirosíkóòpù

Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní yunifásítì sáyẹ́ǹsì tirẹ̀ ní Òkìtìpupa, èyí tí a ń pè ní OSUSTECH tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi sọrí olóògbé Olúṣẹ́gun Àgágù. Kò jìnnà sí Òde-Ìrèlè. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti yunifásítì jẹ́ àríyànjiyàn mìíràn, n kò ní wọ̀ ọ́ níhìn-ín. Ohun tí mo ń béèrè kéré. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti wo nǹkan nídìí maikirosíkóòpù jókòó ní wákàtí kan péré, kí ó fi Yorùbá tàbí ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ ṣe àlàyé ohun tí ó rí fún ẹni tí kò kàwé. Kí ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti bi í ní ìbéèrè, kí a sì fi máàkì sí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan jókòó tì wọ́n, kí ó máa kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lò sílẹ̀, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí ibẹ̀ ni òye máa ń wà. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan yóò sọ pé iṣẹ́ èdè nìyẹn. Àwọn olùkọ́ èdè kan yóò sọ pé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ni. Ìyá tí ó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́ yẹn kò mọ ẹ̀ka tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa wà.

Ní tèmi, mo ti padà sídìí ìwé ìléwọ́ náà. Mo ti pa *àìfojúrí* rẹ́ níbi mẹ́rin tí mo kọ ọ́ sí, mo sì ti fi ìpínrọ̀ kan kún un nípa ọtí, èyí tí ìwé àkọ́kọ́ kò ní: "Oró kan wà tí ń jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù. Kì í ṣe kòkòrò, kì í ràn, sísè kò sì lè pa á. Bí ó bá wà nínú ọtí, ẹ kò lè fi ojú, imú tàbí ẹnu dá a mọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ yín ni yóò sọ ọ́ di ásíìdì tí ń ba ojú jẹ́, ó sì lè tó wákàtí 12 sí 24 kí ẹ tó mọ̀ ọ́n lára. Bí ojú ẹnikẹ́ni bá ń ṣú lẹ́yìn tí ó mu ọtí, ẹ má ṣe dúró di ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gbé ìgò ọtí náà dání."